Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìròyìn Wò Nígbà Tí Wọ́n Bá Ní Ara Ènìyàn Gbiná Fúnra Rẹ̀

Ó ti tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún báyìí tí àwọn ènìyàn ti ń kọ ìtàn ẹni tí wọ́n bá nínú yàrá, tí ara rẹ̀ ti di eérú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jó, tí àwọn nǹkan tó wà nítòsí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan iná rárá. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi parí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni pé inú ara olóògbé ni iná náà ti wá, pé kò sí ẹni tàbí ohun tó ṣáná sí i. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́, tó sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kó tó gbà á gbọ́ tàbí kó tó tàn án ká. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: òkú tí ó jó lọ́nà àrà bẹ́ẹ̀ wà ní tòótọ́, àwọn ọlọ́pàá àti panápaná sì ti kọ nípa wọn, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì kankan tó fi hàn pé ara ènìyàn lè dá iná sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó máa ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé àwọn ènìyàn ń lọ́ ìbéèrè méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ìkíní ni pé, kí ló ṣáná? Ìkejì ni pé, kí ni iná náà rí jẹ tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí egungun fi di eérú? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì sábà máa ń jẹ́ ara olóògbé fúnra rẹ̀, ẹni tí kò bá sì ya àwọn ìbéèrè náà sọ́tọ̀ yóò rò pé ìdáhùn kan náà ló yẹ ti ìkíní. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ mú ìwé, ẹ kọ ìbéèrè méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ohun tí ìròyìn náà bá sọ sí abẹ́ èyí tí ó bá tọ́ sí.

Ẹ wá àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì kà á dé òpin

Ìtàn tí wọ́n bá ń sọ láti ẹnu dé ẹnu máa ń pàdánù àwọn nǹkan kéékèèké, àwọn nǹkan kéékèèké yìí gan-an ló sì máa ń tú àṣírí. Ẹ wo ti Cornelia Bandi, obìnrin ọlọ́lá kan ní ìlú Cesena ní Ítálì, tí ó kú ní 1731. Àlùfáà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Giuseppe Bianchini kọ nípa ikú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù sì tẹ ìtàn náà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1745. Nínú ìròyìn tí wọ́n ń gbé kiri lónìí, ohun tí ẹ ó rí kò ju pé wọ́n bá òkìtì eérú àti ẹsẹ̀ méjì tí ìbọ̀sẹ̀ ṣì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka àkọsílẹ̀ ti Bianchini, ẹ ó rí i pé fìtílà kan wà ní ilẹ̀ yàrá náà, tí eérú bò ó, tí epo inú rẹ̀ sì ti tán pátápátá. Àbẹ́là méjì wà lórí tábìlì, ọ̀rá wọn ti yọ́ lọ, òwú wọn nìkan ló ṣẹ́kù. Ó tún kọ ọ́ pé nígbà tí ara obìnrin náà kò bá le, ó máa ń fi ọtí líle tí wọ́n po káńfọ̀ mọ́ wẹ ara rẹ̀. Káńfọ̀ àti ọtí líle, àwọn méjèèjì ni iná máa ń ràn kíákíá. Fìtílà tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eérú náà, abẹ́ ìbéèrè kìíní ni kí ẹ kọ ọ́ sí, nítorí pé ìdáhùn tí ó mọ́gbọ́n dání ni.

Nígbà tí ẹ bá ń wá irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́, ẹ bèèrè bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ẹ sì bèèrè iye àkókò tó wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ náà àti ọjọ́ tí ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ohun tí mo kà sí pàtàkì jùlọ nínú gbogbo rẹ̀: ta ló rí iná náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀? Nínú àwọn ìtàn tí wọ́n gbajúmọ̀ jùlọ, kò sí ẹlẹ́rìí kankan. Ẹni náà dá wà, ilẹ̀ ṣú, wọ́n sì bá òkú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tí kò ti sí ẹni tó rí ìbẹ̀rẹ̀ iná, ẹni tó bá sọ pé inú ara ló ti jáde ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí ojú rí.

Ẹ ka gbogbo ohun tó lè dá iná nínú yàrá náà

Ní 1984, Joe Nickell àti John F. Fischer, tí wọ́n jẹ́ olùwádìí ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí 30 ìṣẹ̀lẹ̀ irú èyí, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún títí dé ọ̀rúndún ogún. Léraléra ni wọ́n ń rí ohun tó lè ṣáná nítòsí òkú: àbẹ́là, fìtílà, ibi ìdáná, ìkòkò tábà tàbí sìgá. Wọ́n tún rí ohun kan tí ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń yẹ ìròyìn wò. Níbi tí iná kò ti ba ara jẹ́ púpọ̀, ohun tó ṣáná nìkan ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Níbi tí ara ti jó tán, nǹkan mìíràn sábà máa ń wà lábẹ́ òkú tí iná náà rí jẹ pẹ̀lú, bí àga onítìmùtìmù, ibùsùn, tàbí pákó ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ara ni iná náà ti ń wá, kò sí ìdí tí ohun tó wà lábẹ́ òkú yóò fi máa pinnu bí ara náà ṣe jó tó.

Ìròyìn sábà máa ń sọ pé wọ́n wá ohun tó ṣáná tì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gbólóhùn yìí dẹ́rù bà yín. Sìgá kan tí ó bọ́ sórí aṣọ yóò jó di eérú kó tó di pé iná náà gbilẹ̀, igi ìṣáná kò sì ní ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá. Ohun tó ṣáná kò ní láti wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn olùwádìí bá dé. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìgbésí ayé olóògbé. Dókítà àgbàlagbà kan tí wọ́n bá òkú rẹ̀ ní Coudersport, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ní December 1966, ẹni ọdún 92 ni, ó ń fa ìkòkò tábà, aṣọ rẹ̀ sì ti ní ojú ibi tí iná ti jó o ní àwọn ìgbà tó ti kọjá.

Ẹ ṣírò ooru náà

Níbi yìí, kò sí ohun tí a nílò ju ìṣirò díẹ̀ lọ, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ ṣe é, nítorí pé òun ló máa ń yanjú ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ara àgbàlagbà ni omi. Ẹni tó bá wọn kílógíráàmù 70 ní nǹkan bí líta 42 omi nínú ara. Kí omi yẹn tó lè kúrò ní ìwọ̀n ooru ara, tí í ṣe 37°C, kó dé 100°C, kó sì hó gbẹ tán, yóò gba agbára tó lé ní 25,000 kálórì, bí a ṣe ń ka kálórì oúnjẹ. Ara ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ agbára ń lo nǹkan bí 2,000 kálórì lójúmọ́. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo agbára tí ara ń pèsè fún ọjọ́ 12 kò tó láti hó omi inú rẹ̀ gbẹ, àní bí a bá tilẹ̀ rí ọ̀nà dí gbogbo ooru náà mọ́ inú kó má lè jáde. Kò sì lè dí mọ́ inú: ẹ̀jẹ̀ ń gbé ooru lọ sí awọ ara, òógùn ń jáde, èémí ń jáde. Bí ooru ara bá kọjá 42°C fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn ti wà nínú ewu ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n yìí ṣì jìnnà réré sí èyí tí iná ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí ó ń gbiná fúnra wọn ní tòótọ́, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n kí a lè fi wé ara. Koríko tútù tí wọ́n tò jọ gègèrè lè gbóná láti inú wá, nítorí iṣẹ́ àwọn kòkòrò àìrí àti ti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, títí tí yóò fi gbiná. Àkísà tí wọ́n fi nu epo linseed tí wọ́n sì ká pọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, èédú ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ni pé afẹ́fẹ́ ń wọ inú wọn, ooru tí wọ́n ń mú jáde kò sì rí ọ̀nà lọ. Ara ènìyàn kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kò sí àyè tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọ inú ẹran ara bí ó ṣe ń wọ inú òkìtì, ẹ̀jẹ̀ tó ń yípo kò sì jẹ́ kí ooru dúró sójú kan.

Ní àtijọ́, wọ́n gbà pé ọtí ló ń mú ara àwọn ọ̀mùtí gbiná. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́místrì ní Jámánì, ta ko èrò yìí ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì tọ́ka sí i pé ẹran tí wọ́n bá rẹ sínú ọtí kì í jó bí igi: ọtí náà yóò jó tán, ẹran náà yóò ṣẹ́kù. Ìwọ̀n ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ pàápàá tó láti dá èrò náà nù. Bí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ bá tó gíráàmù 4 nínú líta kan, ó lè pa ènìyàn, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú ọtí líle tí ìṣáná lè ràn. Ọ̀mùtí yóò ti kú tipẹ́ kí ara rẹ̀ tó lè dà bí ìgò ọtí. Èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa ọtí ni pé ó ń mú ènìyàn sùn fọnfọn pẹ̀lú sìgá lọ́wọ́, abẹ́ ìbéèrè kìíní sì nìyẹn wà.

Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi wọn èrò tuntun tí ẹ bá kàn. Ní 2012, Brian J. Ford, onímọ̀ nípa ohun alààyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé acetone, kẹ́míkà olómi tí iná máa ń ràn kíákíá, tí ara máa ń ṣe nígbà tí ebi tàbí àtọ̀gbẹ bá le jù, lè jẹ́ orísun iná náà, ó sì fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ó rẹ sínú acetone hàn bí ó ṣe ń jó. Ẹran tí a rẹ sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tí acetone inú rẹ̀ sábà máa ń kéré sí gíráàmù 1 nínú líta. Àní bí ó bá pọ̀ pàápàá, ohun kan ṣì ní láti ṣáná sí i. Gáàsì inú ìfun náà rí bẹ́ẹ̀: ó lè gbiná bí ohun èlò oníná tí àwọn dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ bá kàn án, ṣùgbọ́n kò lè dá iná sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Òwú wà níta, ọ̀rá wà nínú

Ẹ wá sí ìbéèrè kejì wàyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyanu gidi wà. Gíráàmù kan ọ̀rá ní nǹkan bí kálórì 9. Kílógíráàmù mẹ́wàá péré nínú ọ̀rá yóò mú 90,000 kálórì jáde bí ó bá jó, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a nílò láti hó gbogbo omi inú ara gbẹ lọ. Agbára náà wà nínú ara, ṣùgbọ́n kò lè jáde láìjẹ́ pé ohun kan láti òde bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ohun kan sì ń fa ọ̀rá náà sókè sínú afẹ́fẹ́. Ara tó wọ aṣọ dà bí àbẹ́là tí wọ́n yí inú rẹ̀ síta: ọ̀rá ló wà nínú, aṣọ ló sì di òwú.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iná kékeré kan mú aṣọ, ó sì jó awọ ara títí awọ náà fi pín. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ yọ́, ó ṣàn jáde, aṣọ tó ti di dúdú sì fà á mu. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rá tí aṣọ fà ni iná náà ń jẹ, kì í ṣe aṣọ, nítorí náà aṣọ kò tètè tán. Ọwọ́ iná náà kì í ga. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí márùn-ún, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò máa tẹ̀síwájú díẹ̀díẹ̀ níbi tí ọ̀rá bá wà, tí èéfín olóròóró yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ògiri.

John DeHaan, onímọ̀ nípa ìwádìí iná ní California, fi èyí hàn lórí ètò tẹlifíṣọ̀n BBC kan ní 1998. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé òkú ẹlẹ́dẹ̀ kan, wọ́n da epo bẹntiróòlù díẹ̀ sí i, wọ́n sì ṣáná. Epo náà tètè jó tán, ṣùgbọ́n iná náà ń bá a lọ lórí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí tí egungun fi rún nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, nígbà tí àwọn nǹkan mìíràn nínú yàrá náà kò bàjẹ́ púpọ̀. Ní 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jáde fún àwọn onímọ̀ láti yẹ̀ wò.

Pẹ̀lú èyí lọ́wọ́, ẹ lè padà sí àwọn nǹkan tí ìròyìn ń pè ní àdììtú. Ẹsẹ̀ kì í jó nítorí pé ọ̀rá kò pọ̀ níbẹ̀, aṣọ kì í sábà bò ó dé ìsàlẹ̀, iná sì máa ń lọ sókè. Àwọn nǹkan inú yàrá kì í jó nítorí pé iná kékeré tó wà lójú kan kì í nawọ́ dé ohun tó wà ní mítà kan sí i. Ẹni tó bá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná igi mọ̀ pé ènìyàn kì í gbiná níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé nǹkan oníke tó wà lókè ògiri yọ́, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ kò sì yọ́, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń kó jọ sí.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé ibi tí wọ́n ti ń sun òkú ń lo ooru tó 760°C sí 980°C, pé kò sí iná kékeré tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru ńlá yẹn wà kí iṣẹ́ lè parí ní wákàtí kan sí méjì. Iná tí ó ní gbogbo òru láti fi jó kò nílò ìyára yẹn, egungun àgbàlagbà tí ó ti fúyẹ́ sì tètè máa ń fọ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa wá aago méjì nínú gbogbo ìròyìn: ìgbà tí wọ́n rí olóògbé kẹ́yìn láàyè, àti ìgbà tí wọ́n bá òkú rẹ̀. Ní St. Petersburg, ní Florida, ní July 1951, obìnrin ẹni ọdún 67 kan jókòó sórí àga pẹ̀lú sìgá ní alẹ́, lẹ́yìn tí ó ti lo oògùn oorun. Ọmọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wákàtí 11 wà láàárín. Àjọ FBI, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá olùwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì sọ pé aṣọ rẹ̀ ló gbiná, tí ọ̀rá ara rẹ̀ sì ń bọ́ iná náà.

Ohun tí ìdájọ́ lè sọ àti ohun tí kò lè sọ

Ní September 2011, kọ́rónà kan ní Galway, ní orílẹ̀-èdè Ireland, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ikú òjijì, sọ pé ikú ọkùnrin ẹni ọdún 76 kan, tí ó kú ní December 2010, bọ́ sí ìsọ̀rí ẹni tí ara rẹ̀ gbiná fúnra rẹ̀. Iná wà nínú ibi ìdáná yàrá náà, orí olóògbé sì wà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí sọ pé kì í ṣe iná ibi ìdáná yẹn ló fa ìjàǹbá náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú ìdájọ́ yìí lò bí ẹ̀rí. Ẹ kà á dáadáa: ohun tó sọ ni pé wọn kò rí àlàyé tó tó. Àìrí àlàyé jẹ́ àlàfo lábẹ́ ìbéèrè kìíní, àlàfo kò sì lè di ẹ̀rí pé ara dá iná sílẹ̀.

Ewu wà nínú kí a tètè kún irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára. Ní ìlú Darmstadt ní Jámánì, wọ́n bá òkú obìnrin ọlọ́lá kan, Countess Görlitz, nínú yàrá rẹ̀ ní 1847, tí iná ti jó o. Èrò pé ara rẹ̀ gbiná fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ẹjọ́ dé ní 1850, Liebig àti Bischoff, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, jẹ́rìí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀, wọ́n sì dá ìránṣẹ́ ilé náà lẹ́bi ìpànìyàn. Nígbà tó yá, ìránṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé òun ló pa á, tí òun sì dáná sun ún. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìròyìn, ẹ wò bóyá wọ́n ṣe àyẹ̀wò òkú. Èéfín dúdú nínú ọ̀nà ọ̀fun àti gáàsì carbon monoxide nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń fi hàn pé ẹni náà ṣì ń mí nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti kú kí iná tó dé, yálà àìsàn ọkàn ló pa á tàbí ọwọ́ ènìyàn. Ìyẹn náà sì lè ṣàlàyé ìdí tí kò fi sáré tàbí kígbe.

Bí ẹ bá ti dé ibi yìí tí ibi ìbéèrè kìíní ṣì ṣófo nínú ìwé yín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò mọ ohun tó ṣáná, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan tí ìròyìn wọ̀nyí kì í sábà mẹ́nu kàn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ sí jọra wọn: àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ń dá gbé, ara wọn kò gbé kánkán mọ́, wọ́n ń fa sìgá tàbí wọ́n ń jókòó sún mọ́ iná, oògùn oorun tàbí ọtí sì sábà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí yín, ẹ yẹ aṣọ rẹ̀ àti ìdí àga rẹ̀ wò bóyá ojú iná wà níbẹ̀, ẹ bá a ṣètò kí sìgá tó kẹ́yìn lálẹ́ ṣáájú oògùn oorun, kí ẹ sì gbé àga rẹ̀ jìnnà sí ibi ìdáná. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá kún yàrá, kí ẹ fi í sí yàrá tí ó ti máa ń jókòó gan-an, kì í ṣe sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan, nítorí pé irú iná yìí máa ń rú èéfín fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó jó tán.